Fífín àbí Títẹ̀: Ẹ̀bùn Tó Dá Ìjà Sílẹ̀ ní Ganhi

Òórùn ọ̀dà tó ń jóná lábẹ́ iná lésà kò jọ òórùn mìíràn tí mo mọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé ṣíbí oníke sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná, àmọ́ ó tún ní nǹkan dídùn díẹ̀ nínú, bíi ṣúgà tó ń yọ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà Dantokpa ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òórùn náà, nígbà tí mo ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ tuntun ní iléeṣẹ́ kan ní Ganhi, láàárín ìlú Kútọ́nù, tí mo sì gbà pé kò sí ìṣòro láyé tí ìwé tí mo kà ní yunifásítì kò lè yanjú. Mo dúró níwájú ẹ̀rọ náà bí ẹni tó dúró níwájú pẹpẹ, mo ń wo bí iná tín-ín-rín ṣe ń fín orúkọ èèyàn sára ìgò onírin, mo sì ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá ni lóòótọ́. Kì í kàn ṣe irú èyí tí mo rò ni.

Iṣẹ́ iléeṣẹ́ wa ni láti máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté Kútọ́nù. Ìrẹsì, táyà, mọ́tò àlòkù, ẹrù tó ń lọ sí Nàìjíríà àti èyí tó ń lọ sí Nìjẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ wa kọjá. Bàbá arúgbó kan tí gbogbo wa ń pè ní Pàtírọ̀n, ìyẹn ọ̀gá ní èdè Faransé, ló dá a sílẹ̀. Ọmọ ìdílé Àgùdà ni láti Àjàṣẹ́, àwọn tí bàbá ńlá wọn ti Bràsíìlì padà wá, àmọ́ ọmọ Kétu ni ìyá rẹ̀, Kétu náà ló sì ti ṣe kékeré. Bí inú bá ń bí i, Faransé ló ń sọ. Bí inú rẹ̀ bá dùn, Nàgó ni, ìyẹn Yorùbá tiwa. Èmi tí mo wá láti Pobẹ̀ ló máa ń bá sọ Nàgó jù ní bírò, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé ọgbọ́n orí mi ló rí. Ó pẹ́ kí n tó kíyè sí i pé lẹ́yìn awakọ̀ rẹ̀, èmi nìkan ló gbọ́ Nàgó dáadáa níbẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Pàtírọ̀n bí ọmọ méjì, ọmọ ìyá kan náà, ìyá wọn sì ti kú. Èyí àgbà jẹ́ obìnrin. Dàda la ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní Kútọ́nù. Èbúté ni ìjọba tirẹ̀. Bàtà tó ga dé orúnkún àti akoto ló ń wọ̀ láti àárọ̀, àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ńlá sì ń bẹ̀rù rẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Èyí àbúrò jẹ́ ọkùnrin. Fòfó la ń pè é, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, nítorí ó ju ọ̀pọ̀ wa lọ lọ́jọ́ orí. Ó ti gbé ní ilẹ̀ Faransé fún ìgbà pípẹ́, ó sì ti padà wá pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó àti ìmọ̀ràn púpọ̀. Òkè ilé, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú, ni ìjọba tirẹ̀ wà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Pàtírọ̀n máa fi àga sílẹ̀ lópin ọdún náà. Ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ nìkan ni kò sẹ́ni tó mọ̀, bàbá náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbóòórùn rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ń fi aṣọ nu dígí ojú rẹ̀, ohun tó máa ń ṣe nígbà tó bá ń ronú.

"Lọ́dọọdún, kàlẹ́ńdà la ń fún àwọn èèyàn," ó ní. "Wọ́n ń fi kàlẹ́ńdà mi pọ́n ẹja ní Dantokpa, mo ti fojú ara mi rí i. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ ohun tí èèyàn máa fi ọwọ́ dì mú, kí orúkọ oníkálukú sì wà lára tirẹ̀. Ìwọ lo sọ pé ìwé nípa bí a ṣe ń bá aráyé sọ̀rọ̀ lo kà. Wá ọ̀nà tó dára jù tí a máa gbà kọ ọ́. Kí o sì bá àwọn ọmọ mi méjèèjì sọ ọ́."

Mo ní ẹ ṣé, Pàtírọ̀n. Mo jáde bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ọ̀dọ̀ Dàda ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo bá a lẹ́nu géètì èbúté, ó ń bá awakọ̀ kan jà nítorí tapólì ìbora ẹrù tí kò so dáadáa. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó ní kí ni mo tún ń rò níbẹ̀? Ìgò omi onírin ni kí a rà, èyí tó ń jẹ́ kí omi tutù di ìrọ̀lẹ́, kí a sì fi lésà fín orúkọ sí i. Ó ní, "Igbá tí wọ́n fín fún ìyá bàbá mi ní Kétu nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, igbá yẹn náà ni wọ́n fi bu omi wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi. Ohun tí a bá fín, àfi tí igbá bá fọ́ ló tó lè parẹ́." Kí n tó dúpẹ́ tán, ó ti padà sórí ọ̀rọ̀ tapólì.

Mo gun òkè lọ bá Fòfó. Òun kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi àmì tuntun kan tó ti yà fún iléeṣẹ́ náà hàn mí: ọkọ̀ ojú omi lórí ìgbì, aláwọ̀ búlúù, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè. Ó ní ife tánńganran funfun la máa rà, a ó sì tẹ àmì náà sí i pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá ń mu kọfí láàárọ̀ máa rí wa kó tó rí ìyàwó rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ lésà fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Lésà kò mọ àwọ̀," ó ní. "Ó kàn ń ha nǹkan bí ológbò ni."

Ká ní mo gbọ́n nígbà náà ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ife. Àmọ́ ìwé tí mo kà kò ní orí kankan tó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ìyá. Mo ra páálí ńlá kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀nà ìkọ̀wé sórí rẹ̀: fífín pẹ̀lú lésà, títẹ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀dà gba inú aṣọ tó ní ihò wíwẹ́wẹ́, títẹ̀ tí wọ́n ń fi ooru lẹ àwòrán mọ́ ara ife. Mo gun sẹ́míjàn, ọ̀kadà àwọn ará Kútọ́nù, káàkiri ìlú. Ní Gbégamé, obìnrin tó ń tẹ nǹkan fi dá mi lójú pé àwọn onílésà máa ń jó nǹkan àwọn oníbàárà ni. Lẹ́yìn Dantokpa, ọkùnrin onílésà fi Ọlọ́run búra fún mi pé ohun tí àwọn atẹ̀wé bá tẹ̀, òjò kan ṣoṣo ni yóò kó o lọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni tó ń kọ àlàyé àwọn ọ̀mọ̀wé.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Akpakpa ni mò ń gbé, obìnrin tó ń ta aṣọ, tí kò sì fẹ́ràn kí èèyàn máa fi omi ṣòfò. Mo kó ife àti ìgò tí wọ́n fún mi fi dán wò wá sílé. Mo fi kànìnkànìn bó wọn, mo fi iyanrìn bó wọn, mo sì sá wọn sórí páànù kí oòrùn lè pa wọ́n. Àwọn ará ilé dúró, wọ́n ń wò mí. Tàńtí mi wò mí títí, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ìyá rẹ sọ fún mi pé bírò ni wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́," ó ní. "Ṣé abọ́ fífọ̀ ni wọ́n ń ṣe ní bírò náà ni? Tó bá jẹ́ abọ́ lo fẹ́ fọ̀, ti àná wà ní ìdáná."

Mo ṣàlàyé fún un pé ìwádìí ni. Ó ní ó dáa, kí n bá òun ṣe ìwádìí ìkòkò náà pẹ̀lú.

Ní Ganhi, iléeṣẹ́ ti pín sí méjì. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀, àmọ́ bí èèyàn bá wọlé láàárọ̀, yóò mọ̀. Àwọn tó ń bá Dàda ṣiṣẹ́ ní èbúté di ẹgbẹ́ Afín. Àwọn tó wà lókè pẹ̀lú Fòfó di ẹgbẹ́ Atẹ̀. Ẹni tí kò fi ìgò mumi rí láyé rẹ̀ ń fi ìgò onírin búra. Akọ̀wé obìnrin kan tó jẹ́ pé tíì ló ń mu, tí kì í mu kọfí, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife funfun kiri bí ẹni gbé àsíá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún mi. Awakọ̀ kan gbé iṣu wá fún mi láti Ṣábẹ̀, ó ní òun kàn rántí mi ni. Ọ̀gá tó ń ṣe ìṣírò, ọkùnrin tí kò kí mi rí láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, wá jókòó létí tábìlì mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ìwọ tó sún mọ́ wọn," ó ní, "èwo lo rò pé ó máa wọlé?"

Mo fi ìgboyà ọmọ yunifásítì dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó kù sọ́wọ́ ohun tí wọ́n bá kọ ọ́ lé lórí. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá le, fífín ni. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ń dán, títẹ̀ ni."

Ó mi orí, ó tún un mì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo iléeṣẹ́ ti gbọ́ pé ọmọbìnrin Pobẹ̀ yẹn ní ó kù sọ́wọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, pé tí wọ́n bá le, Dàda ló máa gba àga. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ẹgbẹ́ Atẹ̀ kò kí mi mọ́. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà títẹ̀ ló dùn wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń fara gbá a, àmọ́ mi ò tíì rí koríko tó rò pé òun ni adájọ́ ìjà náà bí èmi.

Láàárín gbogbo èyí, Pàtírọ̀n tún pè mí. Ó fẹ́ ka orúkọ àwọn tí a máa fún ní ẹ̀bùn fún mi. Mo ti gba orúkọ àwọn oníbàárà wa lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé, mo gbé e síwájú rẹ̀. Kò wò ó. Ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn láti inú orí rẹ̀, bó ṣe ń pè wọ́n ló sì ń sọ ìtàn wọn. Ọlọ́kọ̀ kan ní Nìjẹ̀ tó dúró tì í nígbà tí ẹrù kan jóná. Opó oníṣòwò kan ní Ṣakété tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkùnrin tó ń jó irin pọ̀ lẹ́bàá èbúté. Ìyá arúgbó kan tó ń ta àkàsà lẹ́nu géètì nígbà tí Pàtírọ̀n fúnra rẹ̀ ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́, tó máa ń fi ẹja kún tirẹ̀, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé dúró. "Pàtírọ̀n, ẹ má bínú. Ìyá alákàsà yìí, ṣé ó ní ẹrù lọ́dọ̀ wa ni?"

"Kò ní."

"Ọkùnrin ajórin ńkọ́?"

"Kọ ọ́," ó ní.

Mo kọ ọ́. Nígbà tí Fòfó rí àwọn orúkọ náà, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá bàbá òun ti ń gbàgbé nǹkan. Dàda béèrè ohun kan náà, lọ́nà mìíràn: ó ní ṣé mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Èmi náà kà á sí àmì ogbó. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Orí igi ni mo wà nígbà yẹn, mo fi ẹ̀yìn sí ibi tí àgbà ń wò, mo sì ń bá àwọn èèyàn nísàlẹ̀ sọ bí ìran ṣe dára tó lókè.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Mo gbé páálí mi dúró níwájú Pàtírọ̀n àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, mo to ìgò àti ife sórí tábìlì, èyí tí mo ti fi iyanrìn bó àti èyí tí mi ò bó. Mo sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo sọ pé títẹ̀ ń gbé àwọ̀ jáde, ó sì yá, àmọ́ kànìnkànìn ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo sọ pé fífín kò ní àwọ̀, ó sì ń falẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tó ń pa á rẹ́. Fòfó kò jẹ́ kí n dé ìparí.

"Ayé ń lọ, Dàda," ó ní. "Ta ló ń wo ìgò tí kò ní àwọ̀?"

"Ìwọ lo mọ ayé," ni Dàda fèsì. "Èmi, èbúté ni mo mọ̀. Ife rẹ yìí, bó bá bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ kan lójú ọ̀nà Nìjẹ̀, kí ló kù níbẹ̀?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé awakọ̀ la fẹ́ fún?"

Dàda bọ́ akoto rẹ̀ lé orí tábìlì. "Àwọn awakọ̀ yẹn ló rán ẹ lọ sí Faransé."

"Ó dáa. Ó dáa, mo gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé lo ti ń wò mí bí ẹrù tí wọ́n gbé wá síbi tí kì í ṣe tirẹ̀."

"Mo gbé ilé yìí sórí nígbà tí màmá ń ṣàìsàn. O ò sí níbẹ̀."

"Ẹ ò pè mí!"

"A pè ẹ́."

Mo rántí pé mo ń wo ìgò kan tí ara rẹ̀ ti ha, mo ń wá ibi tí mo lè sá sí nínú rẹ̀. Pàtírọ̀n ń nu dígí ojú rẹ̀. Ó nu apá kan, ó nu apá kejì. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

"Ìwọ, kí lo rò?"

Gbogbo ìwádìí mi fò lọ. Ẹ̀rù ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo ní, "Pàtírọ̀n, ẹ jẹ́ ká ṣe méjèèjì. Ìgò onírin ni ká rà. Ní ojú kan, ká fi lésà fín orúkọ ẹni tó ni ín. Ní ojú kejì, ká tẹ àmì tuntun náà pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀."

Dàda ní kò burú. Fòfó ní kò burú. Pàtírọ̀n wò mí fún ìgbà díẹ̀, mi ò sì lè sọ bóyá àánú ni mo rí lójú rẹ̀ tàbí ẹ̀rín. Ó ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tábìlì mi, mo sì sọ fún ara mi pé èmi ni mo parí ìjà ilé yẹn. Mo tilẹ̀ pe ìyá mi ní Pobẹ̀, mo sọ fún un. Ó ní kí Ọlọ́run bù kún ọgbọ́n mi, ó wá béèrè bóyá mo ti jẹun.

Gbọ̀ngàn kan tó kọjú sí òkun la ti gba àwọn àlejò lópin ọdún. Àwọn ọlọ́kọ̀ láti Nìjẹ̀ wọ agbádá, àwọn oníṣòwò Nàgó wá láti Ṣakété àti Kétu, àwọn obìnrin Dantokpa kún ibẹ̀ pẹ̀lú gèlè wọn. Ìyá alákàsà wá, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un lọ́wọ́ dání. Ọkùnrin ajórin wọ bàtà tó hàn gbangba pé ó ń fún un. Pàtírọ̀n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pín ẹ̀bùn náà. Ó ń mú ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ, ó ń rìn lọ bá ẹni náà níbi tó jókòó sí, ó sì ń bá a sọ ọ̀rọ̀ kan létí.

Mo dúró lẹ́bàá ògiri, mo ń ṣọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kò sí ẹnì kan tó wo ojú ibi tí ọkọ̀ ojú omi àti ìgbì aláwọ̀ mẹ́ta wà. Ẹni tó bá gba ìgò, orúkọ ara rẹ̀ ló ń wá. Ọlọ́kọ̀ Nìjẹ̀ kan ya fọ́tò orúkọ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fòfó rìn lọ bá oníṣòwò kan, ó bá a yí ìgò náà sí ojú àmì. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì yí i padà. Ìyá alákàsà kò mọ̀wé. Ó gbé ìgò náà lódìlódì, ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ibi tí òun wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà mú àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi lé ibi tí lésà ti fín. Ìyá náà ń fi ọwọ́ tọ ojú ọ̀nà lẹ́tà náà lọ, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹni tó ń wọ ilé tuntun.

"Bó ṣe gùn tó yìí?" ó ní. "Èmi rò pé orúkọ mi kéré."

Nígbà tí Pàtírọ̀n pín in tán, ó dúró sáàárín gbọ̀ngàn. A rò pé ó fẹ́ gbàdúrà fún ọdún tuntun. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pè yín kí n lè dágbére. Mo ti ta iléeṣẹ́ náà." Ó ní iléeṣẹ́ ńlá kan láti òkè òkun ti rà á, pé àwọn òṣìṣẹ́ máa wà níbi iṣẹ́ wọn fún ìgbà díẹ̀, pé òun ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àdéhùn. Ariwo sọ. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì yíjú sí ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ dúró sí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.

"Ọmọ méjì ni mo bí," ó ní, ní Nàgó, kì í ṣe ní Faransé. "Iléeṣẹ́ kan ni mo ní. Bí mo bá fún ọ̀kan, mo ti pàdánù èkejì. Mo rò ó títí, mi ò rí ọ̀nà tí mo lè gbà gé e. Ohun tí mo rí gbà lórí rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ín ní dọ́gbadọ́gba. Ẹ lọ fi ṣe ohun tó bá wù yín. Àmọ́ ẹ máa kí ara yín."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ó ti tà á kó tó pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Gbogbo ìgbà tí a fi ń jà lórí bí a ṣe máa kọ orúkọ iléeṣẹ́ náà kó má bàa parẹ́, iléeṣẹ́ náà ti parẹ́ ná. Ohun tí bàbá náà fẹ́ kò ju kí a kọ orúkọ àwọn tí òun bá rìn, kó sì fi lé wọn lọ́wọ́. Mo wo àmì aláwọ̀ mẹ́ta tí mo ti gun sẹ́míjàn kiri nítorí rẹ̀. Ó rẹwà púpọ̀. Iléeṣẹ́ tí kò sí mọ́ ló ń polówó.

Dàda jáde lọ. Fòfó jókòó síbi tó wà, ó di ìgò kan mú tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo rò pé ojú kò ní kan ojú mọ́ láàárín wọn. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo ń wọlé ní Ganhi, mo bá àwọn méjèèjì lórí àtẹ̀gùn, wọ́n jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, Fòfó pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó rẹ̀, wọ́n ń jẹ àkàrà nínú bébà kan náà. Dàda ń sọ nǹkan nípa ìyá wọn, Fòfó ń sunkún, ó sì ń jẹun lọ. Mo fẹ́ padà sẹ́yìn, Dàda sì ní kí n kọjá, pé àtẹ̀gùn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Àwọn tó ra iléeṣẹ́ náà ní ẹni tó ń bá aráyé sọ̀rọ̀ fún wọn ní ìlú mìíràn, wọn kò sì nílò èmi. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an. Èmi náà wá wo ohun tí mo mọ̀ láyé, mo rí i pé kò ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín fífín àti títẹ̀ lọ, mo sì fi ṣòwò. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí ní Akpakpa, ẹ̀rọ lésà kan àti tábìlì ìtẹ̀wé kan. Dàda àti Fòfó ní ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n jọ ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ń darí àwọn awakọ̀, àbúrò ń ya ìgbì sára tapólì, wọ́n sì ń jà lójoojúmọ́ bí ọmọ ìyá ṣe yẹ kó máa jà. Àwọn iléeṣẹ́ máa ń wá bá mi lópin ọdún. Ọ̀gá kan á ní fífín ni òun fẹ́, igbákejì rẹ̀ á ní títẹ̀ ni, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Mi ò gbé páálí jáde mọ́. Mo máa ń bu omi tútù fún wọn, màá sì béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ fún. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bó ṣe ń pẹ́ kí wọ́n tó rántí.

Pàtírọ̀n padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Mo máa ń lọ kí i tí àyè bá yọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń ṣe báìbáì, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé. Ní ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, ó ń fi ike pupa kan tí etí rẹ̀ ti kán mu omi. Mo ní, "Bàbá, ìgò tiyín dà?"

"Ìgò wo?"

"Ìgò tí a fín. Tí ẹ pín fún àwọn àlejò."

Ó ní kò sí tòun níbẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò kò rọ̀ lánàá. Mo jókòó, mo ń rò ó: gbogbo orúkọ tí a kọ, alákàsà, ajórin, ọlọ́kọ̀ Nìjẹ̀, gbogbo iléeṣẹ́ tó pín sí méjì lórí orúkọ kíkọ, kò sì sí ẹnì kan nínú wa, ọmọ rẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀, tó rántí kọ tirẹ̀. Ojú tì mí, ó sì tún pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a fín ọ̀kan, pé kò ní gbà mí ní àkókò, kó kàn sọ bó ṣe fẹ́ kí n kọ ọ́.

Ó mu omi rẹ̀ tán, ó gbé ike náà lélẹ̀.

"Má ṣe yọ ara rẹ lẹ́nu," ó ní. "Èmi mọ orúkọ mi."